Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi sẹ́ńsọ̀ sára ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yín l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dá mi lóhùn

Ọlọ́ràá Mátórí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà là ń fẹ́ ní Mátórí, èmi àti ọkọ mi la jọ ni ilé-iṣẹ́ náà. A ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá mẹ́ta, ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá, ẹ̀rọ amómitutù kan, jẹnẹrétọ̀, àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan tó ń fún gbogbo wọn ní atẹ́gùn. Mọ́tò kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yìí ti jó mọ́ wa lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún yìí. Kì í sọ tẹ́lẹ̀. A ó máa ṣiṣẹ́ lọ, yóò dákẹ́ lójijì, òórùn jíjó á gba gbogbo ilé. Àwọn ẹ̀rọ yòókù á dúró tẹ̀lé e, rọ́bà tó ti yọ́ á gan sínú wọn, lọ́jọ́ kejì la ó tún máa fi ooru yọ́ ọ kúrò. Oníbàárà tó ń retí ọ̀rá kì í sì í gbọ́ àlàyé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arákùnrin kan tó wọ kóótù wá bá wa. Ó ní òun ó lẹ àpótí kékeré kan, sẹ́ńsọ̀ ló pè é, mọ́ ara mọ́tò kọ̀ọ̀kan, á máa wo bó ṣe ń gbọ̀n àti bó ṣe gbóná, á sì máa fi í ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ní tí ẹ̀rọ bá fẹ́ bàjẹ́, fóònù wa á dún ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú. Dọ́là ló fi dá iye lé e, oṣooṣù, lórí mọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní ká gbà á. Èmi ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó ti lò ó. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló yẹ ká kọ́kọ́ máa wọ̀n? Tí kò bá síná ńkọ́, tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ńkọ́?

Baba Rìwáyà, Múṣin

Ọmọ mi, ẹ kú wàhálà, ẹ kú àdánù. Iṣẹ́ wáyà mọ́tò ni mo kọ́, òun náà ni mò ń jẹ títí dòní. Ká tó dé orí ọ̀rọ̀ arákùnrin oníkóótù, ẹ dá mi lóhùn: nígbà tí wọ́n tú mọ́tò tó jó yẹn, ṣé ẹ wo inú rẹ̀?

Kọ́ìlì tó jó kì í parọ́. Tó bá dúdú yíká bákan náà, iṣẹ́ ló pọ̀ jù fún mọ́tò, tàbí nǹkan há a tí kò fi lè yí, tàbí eruku ti dí ọ̀nà atẹ́gùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ibì kan bá dúdú, tí ìkejì mọ́, tí wọ́n ń tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀ yíká, fẹ́ẹ̀sì kan ló lọ. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà so wáyà inú mọ́tò, star àti delta. Mọ́tò tí wọ́n so ní star, fẹ́ẹ̀sì méjì ló máa jó, ọ̀kan á mọ́. Èyí tí wọ́n so ní delta, ọ̀kan ló máa jó, méjì á mọ́.

Ohun tí mò ń rí jù nínú ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn. Fíúsì kan á já nídìí tíránsífọ́mà àdúgbò, kò ní sẹ́ni tó mọ̀. Mọ́tò tó bá ti ń yí tẹ́lẹ̀ kò ní dúró. Á máa fi fẹ́ẹ̀sì méjì tó kù sáré, á máa fa kọ́rẹ́ńtì ju iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ, ohùn rẹ̀ á yí padà, á máa kùn. Tí ọmọ iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ bá wá lọ jẹun, ó parí.

Nítorí náà, iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa ṣọ́. Ẹ ra rílè tó ń ṣọ́ fẹ́ẹ̀sì. "Phase failure relay" lẹ ó béèrè ní Alaba. Kí oníná tó mọṣẹ́ so ó mọ́ kọńtákítọ̀, súìsì ńlá tó ń tan mọ́tò. Tí fẹ́ẹ̀sì kan bá lọ, á gé e kíá. Ẹ tún lọ wo overload tó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì yín, èyí tó ń gé iná tí kọ́rẹ́ńtì bá pọ̀ jù, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n yí i sí, kẹ́ ẹ fi wé iye áńpù tí wọ́n kọ sára mọ́tò. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Àwọn ọmọ máa ń yí i sókè torí pé ó ń gé mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á wá ní àwọn ti tún un ṣe.

Mo Ń Wò Yín

Mo ti gbé àga mi wá o. Ẹ máa bá a lọ.

Ọlọ́ràá Mátórí

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ẹni tó bá wa wáyà rẹ̀ ti kó kọ́pà àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ wa kan ya fọ́tò rẹ̀. Ibi mẹ́rin ló dúdú, wọ́n jìnnà síra dọ́gba-dọ́gba, gbogbo àárín wọn mọ́. Ti overload tẹ́ ẹ sọ, mo ní kí wọ́n lọ wò ó. Áńpù 15 ni wọ́n kọ sára mọ́tò, 22 ni wọ́n yí i sí. Kò sí ẹni tó mọ ẹni tó yí i.

Baba Rìwáyà, Múṣin

Kò ní sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láéláé.

Mẹ́rin tó dọ́gba? Mọ́tò tó ń yí ní nǹkan bí 1,500 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, delta ni wọ́n so ó, fẹ́ẹ̀sì kan ló lọ. Àpótí oníkóótù ì bá gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ oṣù kan ṣáájú, ìṣẹ́jú mélòó kan ni. Rílè á ti gé e kí fóònù yín tó dún.

Ẹnjiníà Ọba Àkran

Bàbá ti parí ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Àwa tá a ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ n'Íkẹjà níbí, a ní sẹ́ńsọ̀ lára ẹ̀rọ wa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wúlò àti ibi tí kò ti wúlò.

Kì í ṣe ìgbà tí fẹ́ẹ̀sì bá lọ pátá nìkan ni iná ń ba mọ́tò jẹ́. Fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta lè wà ńbẹ̀ kí ọ̀kan rẹ̀wẹ̀sì, pàápàá lálẹ́ tí gbogbo ilé àdúgbò bá tan amúlétutù sórí fẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo. Tí fóltì bá fi ìdá 1 nínú 100 yàtọ̀ síra, kọ́rẹ́ńtì inú mọ́tò lè fi ìdá 6 sí 10 nínú 100 yàtọ̀. Ooru nìyẹn ń dà. Ohun tá a sì ń lò bí òṣùwọ̀n nínú iṣẹ́ yìí ni pé bí ooru wáyà inú mọ́tò bá fi 10 °C ju ibi tó yẹ lọ, ẹ̀mí ohun tí wọ́n fi bo wáyà yẹn á dín sí ìdajì. Rílè kò ní sọ ìyẹn fún yín. Fẹ́ẹ̀sì ṣì wà, kí ló fẹ́ gé? Ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ ti ń ṣiṣẹ́: kọ́rẹ́ńtì fẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti ooru ara mọ́tò, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ ó rí àwòrán rẹ̀ kedere, ẹ ó sì mọ wákàtí tí kò yẹ kẹ́ ẹ fi iná ìjọba ṣiṣẹ́ rárá.

Gbígbọ̀n ńkọ́? Ó dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún gbogbo ẹ̀rọ. Mílímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan la fi ń wọ̀n ọ́. Nínú ìlànà àgbáyé ISO 10816, tí ISO 20816 ti gba ipò rẹ̀, mọ́tò kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju 15 kW lọ yẹ kó wà lábẹ́ 1.8, tó bá ti ń sún mọ́ 4.5, ẹ wá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa tú u. Tó bá kọjá 4.5, ẹ pa á. Fún èyí tó wà láàárín 15 kW sí 75 kW, bóyá mọ́tò ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá wà níbẹ̀, 2.8 àti 7.1 ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà wọ̀nyí dá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ onípísítìnì lẹ́jọ́ o. Gbígbọ̀n ni ìwà rẹ̀. Tí oníkóótù bá lẹ àpótí mọ́ ọn, tó wá fi ìlànà mọ́tò lásán kà á, fóònù yín ò ní sinmi.

Fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ẹ wọ̀n ìgbà tó fi ń kún táńkì. Sẹ́ńsọ̀ ìfúnpá kan lára táńkì ti tó. Tó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ló fi ń kún un tẹ́lẹ̀, tó wá di mẹ́fà, fáàfù tàbí ríńgì ti ń jẹ. Lálẹ́ tí kò sí ẹni tó ń lo atẹ́gùn, ẹ wo bí ìfúnpá ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wà ní pípa. Gbogbo ohun tó ń lọ yẹn, páìpù tó ń jò ló ń mu ún, owó iná sì ni.

Ọmọ Ìsọlọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, kí ló dé tá ò kàn ní máa pààrọ̀ bẹ́árìn àti bẹ́líìtì lọ́dọọdún, ká bọ́ lọ́wọ́ gbogbo sẹ́ńsọ̀ yìí?

Ẹnjiníà Ọba Àkran

Ìbéèrè tó dára nìyẹn, àwọn oníbàlúù ni wọ́n sì kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀. Ní 1978, Nowlan àti Heap tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní United Airlines l'Ámẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde fún ìjọba wọn. Wọ́n wo bí àwọn páàtì bàlúù ṣe ń bàjẹ́, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 11 nínú 100 péré ni ọjọ́ orí rẹ̀ ń pa lọ́nà téèyàn lè kà á lọ́jọ́. Ìyókù, ó lè bàjẹ́ nígbàkúùgbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tiẹ̀ jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sí ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ẹ wá gbé ìyẹn wá sí Èkó. Bẹ́árìn tuntun tẹ́ ẹ fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ṣé ojúlówó ni àbí ayédèrú tí wọ́n tẹ orúkọ ńlá sára páálí rẹ̀? Ẹni tó fẹ́ fi í sí, ṣé á mú un gbóná dáadáa kó tó fi í wọlé, àbí òòlù ló máa fi lù ú wọlé, tí àmì òòlù á ti wà nínú rẹ̀ kí mọ́tò tó yí lẹ́ẹ̀kan? Gíríìsì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló rò pé bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dára tó, bẹ́ẹ̀ gíríìsì tó kún jù ń mú bẹ́árìn gbóná ni. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́ ẹ yọ, ó lè jẹ́ pé ẹ fi ìlera pààrọ̀ àìsàn. Àyàfi bẹ́líìtì àti ọ́ìlì, àwọn yẹn, ẹ máa pààrọ̀ wọn bí ìwé wọn ṣe wí.

Ọlọ́ràá Mátórí

Ṣé gbígbọ̀n lè sọ pé bẹ́árìn ló fẹ́ bàjẹ́, kì í ṣe pé nǹkan míì ló tú? Ohun tí oníkóótù sọ nìyẹn.

Ẹnjiníà Ọba Àkran

Ó lè sọ ọ́, ìṣirò ni. Ẹ jẹ́ ká mú mọ́tò pọ́ǹpù ẹ̀rọ amómitutù yín. Ká ní bẹ́árìn 6205 ló wà nínú rẹ̀. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀, ọmọ rẹ̀ róbótó mẹ́sàn-án ló sábà máa ń ní. Mọ́tò náà ń yí ní 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bí ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí fáànù rẹ̀ bá wúwo sí apá kan, 24 yẹn ni gbígbọ̀n á ti ga. Tí mọ́tò àti pọ́ǹpù ò bá dọ́gba síra, á sábà ga ní ìlọ́po méjì rẹ̀, 48. Tó bá jẹ́ pé òrùka ìta bẹ́árìn ló ti dápàá, gbogbo ìgbà tí ọmọ kan bá kọjá lórí ibi tó dá, á kanlẹ̀. Ìyẹn ń bọ́ sí nǹkan bí 87 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá jẹ́ òrùka inú, nǹkan bí 131. Tó bá jẹ́ 100 géérégé lẹ rí, iná ni ẹ wò, torí iná wa ń lọ ní 50, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni mọ́tò ń gbọ̀n sí.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ àìsàn bẹ́árìn kì í hàn níbi 87 tàbí 131. Ó ń dún lókè réré, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì kéré. Tó bá ti wá hàn nínú mílímítà tí mo kà sókè, ó ti pẹ́ díẹ̀. Tí etí gbọ́ ọ, ó ti pẹ́ gan-an. Tó bá gbóná, ẹ máa wá bẹ́árìn lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun á rí i ní oṣù kan ṣáájú, ẹ bi í pé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ń gbọ́ dé ibo. Tó bá dákẹ́, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Fún gíábọ́ọ̀sì ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá, tí ìdí rẹ̀ ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò ní ní kẹ́ ẹ máa wọn gbígbọ̀n rárá. Ẹ yọ bóòtù olóòfà tó wà nídìí ọ́ìlì rẹ̀ wò nígbà tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Èérún irin tó dà bí ìyẹ̀fun kò burú. Èyí tó bá ní ìrísí, tó ń dán, eyín gíà ni.

Ọmọ Akọ̀kà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin òbí mi. Bọ́ọ̀dù la máa ń so pọ̀ ní tiwa. Ohun tí Ẹnjiníà ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kò nílò dọ́là oṣooṣù. Bọ́ọ̀dù ESP32 kan, kọ̀ǹpútà kékeré tó ní WiFi nínú, àti mítà iná kékeré PZEM-004T mẹ́ta, ọ̀kan fún fẹ́ẹ̀sì kọ̀ọ̀kan. Ó ní òrùka tẹ́ ẹ máa fi yí wáyà ká, ó ń ka kọ́rẹ́ńtì dé áńpù 100. Sẹ́ńsọ̀ DS18B20 fún ooru, ó ń kà dé 125 °C, inú irin kékeré ni wọ́n máa ń dè é sí, ẹ lè fi í há àárín ìyẹ́ ara mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí oníná so PZEM, torí fóltì gan-an ń wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ èmi tàbí ọmọ iṣẹ́ yín.

Sẹ́ńsọ̀ gbígbọ̀n olówó pọ́ọ́kú ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. MPU6050 tí gbogbo wa fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá n'ílé ìwé kì í ka gbígbọ̀n ju ẹ̀ẹ̀ 1,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó sì gbọ́dọ̀ ka gbígbọ̀n kan ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó mọ̀ ọ́n, nítorí náà ohun tó bá ń gbọ̀n ju 500 lọ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á rí fáànù tó wúwo lápá kan, á rí bóòtù ìdí mọ́tò tó tú. Ohun tí Ẹnjiníà ní ó ń dún lókè réré yẹn, kò lè gbọ́ ọ. Mo ti rí i kí wọ́n kó o sínú páálí aláràbarà kí wọ́n máa tà á fún ilé-iṣẹ́.

Lórí nẹ́tíwọ̀kì: ẹ má jẹ́ kí ọgbọ́n gbogbo rẹ̀ wà lókè òkun. Ẹ rántí 14 Oṣù Kẹta 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ lẹ́bàá Côte d'Ivoire, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, tí íntánẹ́ẹ̀tì fi já mọ́ wa lọ́wọ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé sáfà òkèèrè ló ń pinnu bóyá àláàmù á dún, ojú rẹ̀ fọ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú ọ́fíìsì yín, kí bọ́ọ̀dù máa bá a sọ̀rọ̀ lórí WiFi inú ilé, kó máa kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, kó sì máa pinnu níbẹ̀. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá wà, kó fi ránṣẹ́. Tí kò bá sí, kó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́. MQTT ni kẹ́ ẹ lò, òun ni èdè tí bọ́ọ̀dù á fi máa bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ní 1999 ni wọ́n ṣe é, fún ọ̀pá epo tó ń gba orí sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti wọ́n tí kò sì dúró. Ó mọ ìyà wa. Ẹ fi bátìrì sí bọ́ọ̀dù àti rọ́tà náà, torí ìgbà tí iná bá lọ tó sì dé gan-an lẹ nílò àkọsílẹ̀ jù.

Jẹnẹrétọ̀ Ògbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti ń ra ohun tó wà nílé. Àǹtí, ẹ ní jẹnẹrétọ̀. Ẹ ṣí páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tó ní ojú gíláàsì tẹ́ ẹ fi ń sítáàtì rẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tí ilé-iṣẹ́ Deep Sea ṣe tàbí irú rẹ̀, ó ti ń ka ìfúnpá ọ́ìlì, ooru omi, fóltì fẹ́ẹ̀sì mẹ́ta, wákàtí tó ti ṣiṣẹ́ àti gbogbo ìgbà tó pa ara rẹ̀ pẹ̀lú ìdí tó fi pa á. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ojú ihò tí wáyà ń wọ̀, RS-485 ni wọ́n ń pè é, èdè ẹ̀rọ tó ń jẹ́ Modbus ló ń sọ. Wáyà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra lẹ máa fà, ó lè gùn dé 1,200 mítà, kò béèrè nẹ́tíwọ̀kì. Bọ́ọ̀dù ọmọ Akọ̀kà á kà á.

Bákan náà ni drive, ẹ̀rọ inú páńẹ́ẹ̀lì tó ń yí mọ́tò ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá, tó sì ń pinnu bó ṣe máa yára tó. Ó mọ kọ́rẹ́ńtì mọ́tò, ó mọ ooru ara rẹ̀, ó ń tọ́jú orúkọ àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Èèyàn á wá lọ lẹ àpótí dọ́là mọ́ mọ́tò tí ẹni tó ń wa á ti ń ròyìn rẹ̀ láti òwúrọ̀. Mi ò bínú sí oníkóótù o, ọjà ló ń tà.

Ìyá Ẹja Dídì, Ìjọra

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ Modbus, ṣùgbọ́n mo ti ń lo àláàmù nínú yàrá ẹja mi n'Íjọra, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

SMS ni tiwa. Dátà lè má sí, SMS á wọlé. -18 °C ni mo ń tọ́jú ẹja sí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, gbogbo ìgbà tí àwọn ọmọ bá ṣílẹ̀kùn kó páálí jáde ni fóònù ń dún. Ẹ mọ̀ pé ọjà ò ní dúró. Láàárín ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́, àwọn kan ti pa ohùn rẹ̀. Àfi ìgbà tí ọmọ tó fi í sí wá tún un ṣe: kó tó dún, ooru gbọ́dọ̀ ti kọjá ibi tá a fi sí fún ogún ìṣẹ́jú láìdáwọ́dúró. Ó sì yà á sí méjì. Ọ̀kan jẹ́ "ẹ wò ó tílẹ̀ bá mọ́". Ìkejì jẹ́ "ẹ dìde báyìí". Ìkejì yẹn kì í wá lásán mọ́.

Ohun tí ẹ kò tíì bi ara yín nìyí: ta ló máa gbé fóònù náà lóru? Ẹ má ní "àwọn ọmọ iṣẹ́". Ẹ pe orúkọ. Tèmi, Kẹhìndé ló ń gbé e. Tí kò bá tẹ bọ́tìnnì pé òun ti rí i láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ń kọjá sọ́dọ̀ èmi fúnra mi. Tó bá sì dé ọ̀dọ̀ mi, Kẹhìndé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà láàárọ̀. Kó sì ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ o. Àláàmù tó jí èèyàn tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ariwo lásán ni.

Ọlọ́ràá Mátórí

Màmá, ẹ kú ọgbọ́n. Orúkọ ni mo máa pè, ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ náà ti wọlé.

Ẹ̀gbọ́n Ṣómólú

Ẹ jẹ́ kí èmi tí mi ò fẹ́ràn ẹ̀rọ ayárabíàṣá sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ìtẹ̀wé ni iṣẹ́ mi, gbogbo ẹni tó bá mọ Ṣómólú mọ irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, àwọn mìíràn dàgbà ju àwọn tó ń lò wọ́n lọ. Ọ̀gá wa máa ń fi orí súkúdíráfà kan ara ẹ̀rọ, á fi ìdí rẹ̀ sí etí, á ní "bẹ́árìn ọwọ́ òsì". Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò bi í ní nǹkan, tó wá lọ ń sanwó dọ́là, mi ò mọ ohun tí mo lè pè é.

Ohun kejì, àwọn tó ń lo ẹ̀rọ máa ń rò pé nítorí àwọn ni wọ́n ṣe gbé sẹ́ńsọ̀ wá. Wọ́n rò pé ó ń ka ìgbà tí wọ́n jókòó. Mo mọ ibì kan tí wáyà sẹ́ńsọ̀ "ń já" ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ òru. Ẹ jókòó tì wọ́n kẹ́ ẹ tó fi í sí. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wọ́n, kí àwọn náà máa rí ohun tẹ́ ẹ̀ ń rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: "ó kùn ní aago méjì". Nígbà tí kùn yẹn bá bá nọ́ńbà kan mu, inú wọn á dùn, wọ́n á gbà á.

Ẹnjiníà Ọba Àkran

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àyàfi pé ọ̀gá yín á fẹ̀yìntì lọ́jọ́ kan, á sì mú etí rẹ̀ lọ.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ oníkóótù, torí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lé e dànù. Tẹ́ ẹ bá pọ̀ tó, irú iṣẹ́ rẹ̀ wúlò, àwa náà ń sanwó fún ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kí náírà ni wọ́n fi kọ ìwé àdéhùn náà. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye dọ́là, ohun tó dà bí owó kékeré lóṣù kan lè di ohun mìíràn kí ọdún tó yí. Kó wà nínú ìwé pé ẹ̀yin lẹ ni àwọn nọ́ńbà ẹ̀rọ yín, àti pé tẹ́ ẹ bá dá owó dúró, ẹ ó gba gbogbo rẹ̀ nínú fáìlì tẹ́ ẹ lè ṣí. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023, ti ọ̀rọ̀ ara ẹni ni; kò dá sí gbígbọ̀n mọ́tò. Ìwé àdéhùn nìkan ló máa gbà yín. Kẹ́ ẹ sì bi í pé tí fóònù bá dún, ta ló máa wá? Bó bá ní àwọn á fi ìròyìn ránṣẹ́ lásán, ẹ mọ iye tẹ́ ẹ máa ná sí mẹkáníìkì lẹ́yìn náà.

Tí mo bá jẹ́ yín, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti pọ́ǹpù ẹ̀rọ amómitutù nìkan ni màá kọ́kọ́ fi sí. Àwọn méjì yìí ni gbogbo ilé ń wò. Ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ, tó bá bàjẹ́, ẹ lè fi ọ̀rá aláìlórúkọ ṣiṣẹ́ dọ̀la. Ẹ má fi sẹ́ńsọ̀ sí ohun tí ẹ kò ní ohun tẹ́ ẹ máa ṣe sí nígbà tó bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì ra bẹ́árìn méjèèjì fún pọ́ǹpù náà nísinsìnyí, ojúlówó, kẹ́ ẹ fi í pamọ́ sínú páálí rẹ̀. Mímọ̀ pé á bàjẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i kò wúlò tó bá jẹ́ pé ọjọ́ tó bàjẹ́ lẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a.

Ọlọ́ràá Mátórí

Ọlọ́run á bù kún gbogbo yín. Oníná ti so rílè mọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lánàá, overload ti padà sí 15, mo sì ní kí wọ́n fi sẹ́líòtéèpù dí ojú rẹ̀ kí n buwọ́ lù ú. Ọmọ Akọ̀kà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, kẹ́ ẹ wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ọkọ mi ní òun ṣì fẹ́ sẹ́ńsọ̀ gbígbọ̀n kan ṣoṣo fún mọ́tò pọ́ǹpù, kó máa fi dánra wò. Ibo gan-an la máa lẹ̀ ẹ́ mọ́? Ọmọ iṣẹ́ wa ní orí ìdérí fáànù ló tẹ́ jù.

Ẹnjiníà Ọba Àkran

Rárá o! Irin pẹlẹbẹ ni ìdérí fáànù, á máa gbọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ ó kàn máa wọn ìdérí ni. Ìtòsí bẹ́árìn ni, lápá ibi tí mọ́tò ti dara pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù, níbi tí irin ti nípọn. Ẹ ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kó mọ́, kẹ́ ẹ fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fi òòfà gbé e lé orí ọ̀dà, ohùn òkè yẹn kò ní kọjá dáadáa. Kẹ́ ẹ fi máàkà yí ibẹ̀ ká, kó lè jẹ́ pé tí wọ́n bá yọ ọ́ láti fọ mọ́tò, ibẹ̀ náà ni wọ́n á dá a padà sí.

Baba Rìwáyà, Múṣin

Kí wọ́n má fi omi fọ mọ́tò o. Ta ló ń fi omi fọ mọ́tò?